Mo Gbé Ẹjọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ikán Lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù

Ẹ ti gbọ́ lórí rédíò pé mo lọ sí òkè òkun, mo sì gba ẹ̀tọ́ mi padà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Pé mo lọ sí òkè òkun, òótọ́ ni. Ìyókù ni mo jókòó kọ yìí, nítorí pé láti ìgbà tí mo ti dé, mi ò tí ì rí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Fún àwọn tí kò mọ̀ mí: ọmọ Oǹdó ni mí, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ni mo ti fi iṣẹ́ tíṣà gbó. Iṣẹ́ ọnà ni mo kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ulé mi, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Àkúrẹ́ ṣe ń pè é, sì wà ní Isikan títí di òní. Kí n tó di tíṣà, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọge, mo máa ń ya kọ́míìkì fún ìwé ìròyìn àwọn ọmọdé kan tí wọ́n ń tẹ̀ ní Àkúrẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀dáràn inú rẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ikán. Ọkùnrin tín-ín-rín kan ni, ó wọ kóòtù dúdú, ó dé fìlà gíga, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, ikán a sì máa tú jáde láti inú apá ẹ̀wù rẹ̀. Àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká ló máa ń lọ. Á wọlé, á ṣí fìlà, á tẹrí ba, á ní, "Ẹ má bínú o." Lẹ́yìn náà á jẹ fáìlì yín. Ìwé ìfẹ̀yìntì ni o, ìwé ilẹ̀ ni o, kò ṣe é ní nǹkan kan. Kí ẹ tó pariwo, ó ti nu ẹnu, ó ti lọ. Àwọn ọmọdé ń bẹ̀rù rẹ̀ gan-an. Àwọn òbí wọn kò bẹ̀rù. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ ọ́n ní ọ́fíìsì.

Ìwé ìròyìn náà kú láàárín ọdún méjì, orúkọ nìkan ló sì kù mọ́ mi lára. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń pè mí ní Ìyá Ikán lẹ́yìn, wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá sì bi mí pé níbo ni mo ti rí Ọ̀gbẹ́ni Ikán, èsì kan náà ni mo máa ń fún un: "Inú orí mi ni." Mo sọ ọ́ ní kíláàsì, mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ fún ọkọ mi kí ó tó di olóògbé.

Ohun tó gbé mi dìde

Ọ̀sán Sátidé kan ni ọmọ mi, Mọ́rẹ́nikẹ́, lọgun láti pálọ̀.

"Màámi, ẹ wá o! Ẹ wá wo Ikán yín lórí tẹlifíṣọ̀n!"

Mo fi ata sílẹ̀ lórí iná, mo lọ. Fíìmù àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù kan ni. Abàmì ẹ̀dá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà, ó ga bí òpó iná. Kóòtù dúdú. Fìlà gíga. Ẹ̀yìn títẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn kankan kò jáde. Èèrà wá ya láti inú apá ẹ̀wù rẹ̀ bí omi. Mo sọ fún ara mi pé ikán kọ́, èèrà ni, ayé gbòòrò, ó lè jẹ́ àkọsẹ̀bá. Ìgbà náà ni mo rí ọwọ́ òsì rẹ̀. Inú àpò ló wà, kò sì kúrò níbẹ̀ títí fíìmù fi parí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí. Mi ò mọ ọwọ́ yà nígbà tí mo wà lọ́mọge. Mo lo odindi ọjọ́ méjì lórí ọwọ́ ọ̀tún Ọ̀gbẹ́ni Ikán, ó sì tún dà bí ẹ̀ka igi. Nígbà tó kan ọwọ́ òsì, mo tì í bọ àpò, inú àpò náà ló wà títí ìwé ìròyìn fi kú. Àìmọ̀ọ́ṣe mi ni. Ẹni tó bá jí ọgbọ́n mi lè ní òun náà ní ọgbọ́n. Àmọ́ ta ló lè ní àìmọ̀ọ́ṣe mi lọ́wọ́, kó má jẹ́ olè?

Mọ́rẹ́nikẹ́, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Alágbàká, wá orúkọ ẹni tó ṣe abàmì ẹ̀dá náà jáde. Wílẹ̀m ló ń jẹ́. Mọ́rẹ́nikẹ́ kọ lẹ́tà sí i, lẹ́tà tó gbóná débi pé mo ní kó yọ ọ̀rọ̀ méjì kúrò. Èsì dé kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ọkùnrin náà kò bínú rárá. Ó ní àwọn fẹ́ ṣe ìpàdé kan ní Brúsẹ́ẹ̀lì, olú ìlú wọn, lórí bí àwọn ọ̀dáràn inú kọ́míìkì àtijọ́ ṣe bí àwọn abàmì ẹ̀dá inú fíìmù òde òní. Ó ní kí n wá, kí n kó àwọn àwòrán mi dání, kí a jọ jókòó síwájú àwọn ènìyàn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ gbọ́. Wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi. Wọ́n gbàdúrà fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Oǹdó, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí rédíò kí n tó kúrò ní Isikan. Ẹni tó jẹ́ alága wọn dì mí lọ́wọ́ mú. "Mà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rín tàn yín. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Mo lọ pẹ̀lú ojú líle bí ẹni tó ń lọ sí kóòtù.

Ìlú tó ya ọ̀dáràn sára ògiri

Ojú líle náà kò pé ìṣẹ́jú kan. Ìyá àgbà tí Wílẹ̀m ní kó gbà mí sílé, Greta ni orúkọ rẹ̀, dúró dè mí ní pápákọ̀ òfuurufú Brúsẹ́ẹ̀lì. Mo na ọwọ́, mo sì rọra fi orúnkún kan kí i, nítorí ó jù mí lọ dáadáa. Kàkà kó gba ọwọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni mo rí tó ń bọ̀. Ó fi gbún tèmi, ó fẹnu ṣe "mua" sínú afẹ́fẹ́, ó yí padà, ó ń lọ. Orúnkún mi ṣì wà nílẹ̀. Ènìyàn kan sáré wá gbé mi dìde, ó rò pé mo ṣubú.

Ẹni tó bá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbún ẹ̀rẹ̀kẹ́ àlejò báyìí, ẹ ó rò pé ó máa ń kí ènìyàn. Rárá o. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé ibùdókọ̀, mo bá ènìyàn mẹ́fà níbẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o," ní èdè gẹ̀ẹ́sì. Gbogbo wọn wo ọwọ́ mi láti mọ ohun tí mo fẹ́ tà. Bàbá kan gbé àpò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ajá wọn nìkan ló dá mi lóhùn, ó ju ìrù. Mo padà bá ajá náà nílé tí wọ́n ti ń mu kọfí, ó jókòó lórí àga, kò sẹ́ni tó lé e.

Wọ́n máa ń bèèrè ibi tí mo ti wá. Màá ní, "Oǹdó."

"Áà, Lọ́ńdọ̀nù! A ti gbọ́ ọ nínú gẹ̀ẹ́sì yín."

Lẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, mi ò tún un ṣe mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́ ni ògiri wọn. Wọ́n ya kọ́míìkì sára ilé, láti ilẹ̀ dé òrùlé, ilé alájà mẹ́ta, alájà mẹ́rin. Mo rí ọ̀dáràn kan tí eyín rẹ̀ tó fèrèsé, ìyá kan sì ń sá aṣọ ọmọ rẹ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Ibi tí àwa máa ń kọ "Ilé yìí kò sí fún títà" sí ni wọ́n fi àwọn ọ̀dáràn sí. Mo dúró níbẹ̀ títí ọrùn fi ń dùn mí. Mo ronú sí iye kọ́míìkì tí mo ti gbà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, tí mo fi dá iná.

Ohun tí mo jẹ

Greta jẹ́ onínúure, ó sì gbà pé ebi ń pa mí nígbà gbogbo. Ó gbé ìkòkò kan kalẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó kún fún ohun kan tó dà bí ìgbín kéékèèké inú òkun, ìkarahun wọn dúdú, ẹnu wọn là sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó fi ìkarahun òfìfo kan kọ́ mi bí a ṣe ń fi í mú èkejì. Mo jẹ mẹ́ta fún ọ̀wọ̀, mo jẹ mẹ́wàá fún ìyanu, mo sì jẹ ìyókù nítorí pé ó dùn. Pòtétò díndín ló fi tẹ̀ lé e. Ata rodo tí mo gbé láti ilé ni mo lọ̀ sí i. Greta tọ́ ọ wò, ó dìde lọ mu omi.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ó gbé páálí ṣokoléètì kan jáde bí ẹni gbé wúrà. Ó ní kí n má rún un. Kí n fi sórí ahọ́n, kí n pa ojú dé, kí n dúró.

"Èyí," ó ní, "tiwa ni. Kò sí ibòmíràn tí ẹ ti lè rí i. Àwa la dá a sílẹ̀."

Èmi, tí bàbá mi ra kòkó ní Oǹdó títí ó fi kú, tí mo sun orí àpò kòkó ní kékeré, mo pa ojú dé. Ó dùn gan-an. Mo bi í pé igi rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní igi kankan kò sí, ilé iṣẹ́ ló ń ṣe é. Mo fẹ́ jà. Mo tún rántí pé ẹjọ́ kan ṣoṣo ni mo gbé wá, mo mú òmíràn, mo tún pa ojú dé.

Ọwọ́ òsì

Ìpàdé náà wáyé ní gbọ̀ngàn ilé ìkàwé kan. Wílẹ̀m wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti múra sílẹ̀ de ọlọ́ṣà. Ẹni tí mo rí ni bàbá kúkúrú kan tí kùn wà lábẹ́ èékánná rẹ̀ bíi tèmi, tó ń kọ́kọ́ gba àpò mi, tó ń bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Kí n tètè sọ pé kò sí "ẹ" nínú gẹ̀ẹ́sì. Èmi ni mo fi sí i lẹ́nu níbí, nítorí bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ yẹ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Orí ọwọ́ òsì abàmì ẹ̀dá inú fíìmù Wílẹ̀m ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá lé. Ó ní ọwọ́ tó fara pamọ́ yẹn ni ìbẹ̀rù tí ìlú kan ní sí àlejò. Ó tún ní ọwọ́ náà ni ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn bàbá dá tí àwọn ọmọ kò fẹ́ rí. Ó fi àwòrán hàn wá, ó fi ọ̀pá tọ́ka sí àpò. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yin àìmọ̀ọ́ṣe mi ní èdè mẹ́ta, orí mi sì ń wú.

Nígbà tí a jáde lọ jẹun ọ̀sán, mo ko Wílẹ̀m lójú.

"Ọ̀gbẹ́ni Wílẹ̀m, èmi ni mo ni ọwọ́ yẹn."

Mo tú àwọn àwòrán mi sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó mú ìgò ojú rẹ̀, ó wò wọ́n, ó wo àpò Ọ̀gbẹ́ni Ikán, ó bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìtànjẹ tí alága sọ.

"Ẹ má sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n o," ó ní. "Mo ṣe ọwọ́ méjèèjì. Rọ́bà ni, ẹ̀rọ ló ń mú ìka rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a fẹ́ yà á, ẹ̀rọ ọwọ́ òsì jóná. Kò sí ohun tí a lè ṣe. A tì í bọ àpò."

"Ẹ̀rọ jóná?"

"Ẹ̀rọ jóná. Tiyín ńkọ́? Kí ló fà á?"

Mi ò lè purọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ òótọ́ fún mi. Mo ní, "Mi ò mọ ọwọ́ yà." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín débi tí àwọn tó wà ní tábìlì kejì fi yíjú. Ẹ̀rí mi kan ṣoṣo ti lọ nìyẹn. Mo wá bi í ní pẹ̀lẹ́ pé fìlà, kóòtù, ẹ̀yìn títẹ̀, kòkòrò inú apá ẹ̀wù, níbo ni ó ti rí wọn?

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ní ti ìyẹn," ó ní, "ẹ wá sí ibi iṣẹ́ mi ní ìrọ̀lẹ́."

Ìwé tó wà nínú dúrọ́ọ̀

Orí abàmì ẹ̀dá kún ibi iṣẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá to ọ̀pẹ òyìnbó sọ́jà. Ó ń tọ́ka sí wọn, ó ń sọ bàbá tó bí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú kọ́míìkì. Ó ní nígbà àtijọ́, àpótí àwòrán kéré, ìwé kò dára, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ fún ọ̀dáràn ní fìlà tàbí iké, kí ọmọdé lè dá a mọ̀ láti ara òjìji lásán. Ó ní gbogbo ojú sinimá tó gbòòrò bí ilé ló wà lónìí, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń wọ fìlà, wọ́n ṣì ń tẹ ẹ̀yìn. Ó fi orí kan hàn mí tí awọ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Bàbá rẹ̀ inú ìwé di aláwọ̀ ewé, ó ní, nítorí àwọ̀ yẹn ló ṣẹ́kù lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé lọ́jọ́ náà. "Èmi sì po àwọ̀ yẹn fún oṣù mẹ́ta kó lè rí bíi ti bàbá rẹ̀."

Ó wá ṣí dúrọ́ọ̀ kan, ó mú ìwé pẹlẹbẹ kan jáde, èyí tí wọ́n tẹ̀ kí wọ́n tó bí èmi àti òun. Ó ní ìwé ọmọdé òun ni. Ó ṣí ojú ewé kẹta.

Ọkùnrin tín-ín-rín kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà. Kóòtù dúdú, fìlà gíga lọ́wọ́ ọ̀tún. Kòkòrò tó ń jẹ aṣọ ń fò jáde láti apá ẹ̀wù rẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà níta gbangba, wọ́n yà á dáadáa, ó mú agbòòrùn dání. Ní igun àwòrán náà, ológbò kan ń sá lọ.

Mo mọ ológbò yẹn. Èmi náà ti yà á. Ewúrẹ́ ni mo fi ṣe.

Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé ní Oǹdó, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, èmi ni mo máa ń gbá yàrá ìkẹ́rùsí. Àpótí ìwé kan wà níbẹ̀ tí àwọn tíṣà òyìnbó fi sílẹ̀. Mi ò gbọ́ èdè tó wà nínú ìwé pẹlẹbẹ kan níbẹ̀, àwòrán rẹ̀ nìkan ni mo máa ń wò, mo ń fi ọ̀rọ̀ ti ara mi sí ẹnu àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún yín pé mo ti gbàgbé. Ohun tó sún mọ́ òótọ́ jù ni pé mo ti gbà láti gbàgbé.

Wílẹ̀m gbé àwòrán mi sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà. Ó wo ewúrẹ́. Ó wo ológbò.

"Ẹ ti rí ìwé yìí rí," ó ní.

"Rárá," ni mo wí.

Kò bá mi jiyàn. Ó pa ìwé náà dé, ó bi mí bóyá n ó mu tíì. Bí mo ṣe ń padà sílé Greta ni Mọ́rẹ́nikẹ́ pè mí lórí fóònù.

"Màámi, àwọn rédíò fẹ́ mọ̀. Ṣé wọ́n ti gbà?"

"Wọ́n ń gbà díẹ̀díẹ̀," mo ní.

Lórí pèpéle

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé àga méjì sí iwájú, èmi kan, Wílẹ̀m kan. Ó dìde, ó sì fi mí hàn. Ó ní èyí ni olùyàwòrán láti Nàìjíríà tó ti ronú kan ohun tí òun náà ronú kàn, láìjẹ́ pé a mọ ara wa. Ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó mọ òótọ́, ó sì bò mí láṣìírí lójú gbogbo wọn. Ká ní ó tàbùkù mi ni, ǹ bá jà, ọ̀nà ìjà ni mo bá wá. Ṣùgbọ́n ojú tì mí débi pé mi ò lè jókòó mọ́.

Mo dìde. Mo sọ ti àpótí. Mo sọ ti ológbò tó di ewúrẹ́. Mo ní, "Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ni mo ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé inú orí mi ni. Inú àpótí ni."

Wílẹ̀m fọwọ́ ra ojú, ó sì mú ìwé pẹlẹbẹ náà jáde nínú àpò rẹ̀. Ó ní òun náà ti ń sọ fún àwọn oníròyìn pé ojú àlá ni abàmì ẹ̀dá náà ti yọ sí òun. Ó gbé ìwé sókè. "Ojú àlá náà nìyí."

Mo retí pé wọn yóò hó lé wa lórí. Wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn kan dìde dúró! Wọ́n ní bó ṣe rí nìyẹn láyé iṣẹ́ yìí, pé "ipa" ni wọ́n ń pè é, ipa tí iṣẹ́ ẹnì kan ń ní lórí ti ẹlòmíràn. Mo ronú pé ní Oǹdó, bí o bá mú ewúrẹ́ ẹlòmíràn, tí o so okùn mìíràn mọ́ ọn lọ́rùn, ipa kọ́ ni ọlọ́pàá máa kọ sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n àná na ọwọ́ sókè. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ òsì náà wá láti inú ìwé yẹn. Wílẹ̀m wò mí, mo wò ó.

"Ìyẹn ṣòroó sọ," ni Wílẹ̀m wí. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kọ ọ́ sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Lẹ́yìn ìpàdé, mo ní kí Wílẹ̀m ka ọ̀rọ̀ ojú ewé kẹta fún mi. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ gbọ́ ọ. Ó kà á. "Ó ní, 'Ẹ káàsán. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ṣọ́ọ̀bù yìí?'"

"Kò bẹ̀bẹ̀?"

"Kò bẹ ẹnikẹ́ni nínú gbogbo ìwé yìí. Níbo ni ẹ ti rí 'Ẹ má bínú'? Òun ló dẹ́rù bà mí jù nínú tiyín. Èmi wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi sí tèmi lẹ́nu, mi ò rí, ìdí nìyẹn tó fi ń mi ètè lásán."

Ẹnu mi ti fẹ́ sọ pé inú orí mi ni. Mo gbé e mì. Mo ní mi ò mọ̀.

Ilé

Mo dé Àkúrẹ́, mo bá àsíá lẹ́nu ọ̀nà: "A kí Màmá wa káàbọ̀, ajagunṣẹ́gun." Mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, láìfi ọ̀rọ̀ kan pamọ́. Alága wọn dìde, omi wà lójú rẹ̀.

"Ẹ rí ìrẹ̀lẹ̀ bí? Ẹ rí i? Wọ́n jí nǹkan Màmá, Màmá ní òun ló jí i!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mọ́rẹ́nikẹ́ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó gbá mi mọ́ra, ó ní, "Màámi, mo gbọ́ yín." Rédíò sì gbé tiwọn jáde bó ṣe wù wọ́n.

Dàmọ́lá wá bá mi nígbà tí wọ́n ń tú ká. Mo kọ́ ọ ní Àkúrẹ́, ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, fíìmù ló ń ṣe ní Oǹdó. Ó ní òun fẹ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ mi láti lo Ọ̀gbẹ́ni Ikán.

"Dàmọ́lá, ṣé o ò gbọ́ ohun tí mo sọ ni? Èmi kọ́ ni mo ni í."

"Mo gbọ́, mà. Mo ti yà á tán pàápàá. Ẹ kàn wá wò ó."

Mo bá a lọ sí Oǹdó. Àwa bí ogún la jókòó nínú gbọ̀ngàn kékeré kan ní ọ̀sán, ọ̀pọ̀ wọn ni mo kọ́ níwèé. Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Abàmì ẹ̀dá náà wọ kíláàsì kan, obìnrin ni. Kò dé fìlà, ẹ̀yìn rẹ̀ kò tẹ̀, kòkòrò kankan kò sì jáde lára rẹ̀. Ó rọra yọ ìgò ojú rẹ̀. Ó fi èémí gbígbóná sí i. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ọ̀kan, èkejì. Ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì. Ó wá sọ ní pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ má bínú o. Èmi gan-an kò fẹ́ ṣe é."

Gbogbo gbọ̀ngàn kígbe, wọ́n sì yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín àwọn tó jọ jìyà nǹkan kan. Èmi nìkan ni kò yé. Mo wo ọwọ́ mi. Etí aṣọ mi wà nínú rẹ̀, mo ń nu ìgò ojú mi.

Nígbà tí àwọn yòókù jáde, mo bi Dàmọ́lá. "Èmi ni?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ṣe, bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń wí, kí ẹ tó fi pàṣán nà wá. Gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n. A máa ń sọ pé ẹ ń yọ ìgò ojú kí ẹ má baà rí ẹni tí ẹ fẹ́ nà."

"Kí lo ṣe tí mo fi nà ọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo ń ya Ọ̀gbẹ́ni Ikán sínú ìwé ìṣirò."

Mi ò rántí. Mo wá a lọ, mo wá a bọ̀, kò sí níbẹ̀. Fún èmi, ọjọ́ iṣẹ́ lásán ni. Mo sún mọ́ ọn, mo fẹ́ gbá a lọ́wọ́ mú, mo ní, "Dàmọ́lá, má bínú."

Ó sún sẹ́yìn. Bàbá ọmọ mẹ́ta, pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan sún sẹ́yìn, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn ara rẹ̀. Nígbà tó rí ohun tó ṣe, ó tún rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Mo ní kó tún gbé fíìmù náà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ṣé kò ní í rẹ̀ mí. Mo ní rárá. Mo jókòó sórí àga iwájú, ó jókòó tì mí, àlàfo àga kan wà láàárín wa. Nígbà tí obìnrin inú fíìmù náà yọ ìgò ojú rẹ̀, tèmi wà lójú mi, mo sì wò ó títí ó fi parí.